Àlejò inú Teorema

Fíìmù Teorema tí Pier Paolo Pasolini ṣe ní 1968 kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Àlejò kan tí kò lórúkọ wọ ilé olówó ní Milan, ìfẹ́ rẹ̀ sì ń pa gbogbo wọn bí ọtí: bàbá, ìyá, ọmọkùnrin, ọmọbìnrin, títí kan ọmọ ọ̀dọ̀. Ìgbà tó lọ tán ni wàhálà dé. Ara ọmọbìnrin gan pa sórí bẹ́ẹ̀dì, ìyá ń wá ọ̀dọ́kùnrin kiri lójú títì, bàbá fi ilé iṣẹ́ rẹ̀ ta àwọn òṣìṣẹ́ lọ́rẹ. Emilia, ọmọ ọ̀dọ̀, ló padà sábúlé tó ń wo aláìsàn sàn. (Ẹni tí kò ní nǹkan kan!) Wọ́n ní àlejò ló tú wọn ká. Èmi ò gbà. Ilé náà ti ṣófo kó tó dé.