Ìgbà Wo Ni Kí A Yọ Ẹ̀yìn Ìjókòó Ọmọ?

Ní ilẹ̀ wa, kí ọmọ tó mọ ohun tí ń jẹ́ ọkọ̀, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ rìnrìn àjò. Ìbàdí ìyá ni ìjókòó rẹ̀, ọ̀já ni ìgbànú rẹ̀. Àwọn àgbà sì bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ẹni tí ó pọ̀n ọ́n ni ó yẹ kí ó mọ̀, pàápàá ní Paouignan níbí, níbi tí ọ̀nà ńlá tí ó ti Cotonou lọ sí Parakou àti Malanville ti la ìlú kọjá, tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń sáré lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí ń ta gàrí.

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ti fa àríyànjiyàn gígùn nínú ilé wa. Àbúrò wa kan tí ó ń gbé ní ilẹ̀ Faransé wá sí ìrìn àjò mímọ́ Arigbo ní Dassa nínú oṣù kẹjọ, ó sì mú ìjókòó ọmọdé kan wá fún ọkọ̀ wa. Ìjókòó náà ga lẹ́yìn, ó ní ìyẹ́ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, ó sì ní ojú ihò tí ìgbànú ọkọ̀ ń gbà kọjá sórí èjìká ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn yìí ṣeé yọ. Bí a bá yọ ọ́, ohun tí ó kù kò ju tìmùtìmù líle kan lọ, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní rehausseur sans dossier. Ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún 6 tí ó wà ní kíláàsì CP, ti mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ kí àwa gan-an tó mọ̀. Ó ní òun kì í ṣe ọmọ ọwọ́ mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń jókòó lẹ́yìn bàbá wọn lórí alùpùpù láìsí ohun tí a fi dè wọ́n, ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn àbúrò rẹ̀ méjì sì ń bá a jókòó lẹ́yìn ọkọ̀. Bí ẹ̀yìn ìjókòó náà bá kúrò, àyè yóò gbà wọ́n dáadáa. Ẹjọ́ rẹ̀ kò ṣófo.

Ọjọ́ orí ni a kọ́kọ́ bèèrè. Òfin ilẹ̀ Faransé ní kí ọmọ máa lo ìjókòó tirẹ̀ títí yóò fi pé ọdún 10. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 12 ni, tàbí kí ó ga tó 135 sẹ̀ǹtímítà. Ní Jámánì, ọdún 12 tàbí 150 sẹ̀ǹtímítà. Bí ó bá jẹ́ pé ọdún nìkan ni òdiwọ̀n, a jẹ́ pé egungun ọmọ Faransé tètè ń gbó ju ti ọmọ Jámánì lọ. Ara ni kí a wò.

Ara àgbàlagbà ni wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó ṣe ìgbànú ọkọ̀. Apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ sùn sórí egungun ìbàdí, èyí tí ó lágbára láti gba agbára ọkọ̀ tí ó dúró lójijì. Egungun ìbàdí ọmọdé kéré, kò sì tíì ní igun tí yóò di ìgbànú náà mú. Nítorí náà ìgbànú a máa yọ̀ gòkè sí ikùn, níbi tí kò sí ohun tí ó bo ìfun àti ẹ̀dọ̀. Apá òkè a máa ha ọmọ lọ́rùn, ọmọ a sì fà á bọ abẹ́ apá rẹ̀ tàbí ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tí ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Iṣẹ́ tìmùtìmù ni láti gbé ọmọ ga kí ìgbànú lè sùn sórí itan àti ìbàdí. Ní ọdún 2003, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé láàárín àwọn ọmọ ọdún 4 sí 7, ewu ìfarapa dín ní ìpín 59 nínú 100 fún àwọn tí ó jókòó lórí ìjókòó tí ń gbé ọmọ ga, bí a bá fi wọ́n wé àwọn tí a fi ìgbànú nìkan dè. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń sọ fún wa pé ìjàǹbá ojú pópó ni ó ń pa àwọn tí ó wà láàárín ọdún 5 sí 29 jù lọ.

Kí wá ni ẹ̀yìn ìjókòó náà ń ṣe? Ìyá àgbà ni ó là á yé wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì jókòó sórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. A bi í léèrè bí ó ṣe mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dáwọ́ pípọ̀n ọmọ dúró. Ó ní, “Ẹ̀yin ń ka ọdún, ọmọ ni èmi ń wò. Bí ó bá lajú, a lè so ìró mọ́ abẹ́ apá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oorun bá ti gbé e lọ, màá fa ìró gòkè kí ó gbá orí rẹ̀ mú. Ọmọ tí ń sùn kò lè di ara rẹ̀ mú.”

Ọ̀rọ̀ oorun yìí ni a kò rò tẹ́lẹ̀. Nítorí òwò gàrí, a máa ń lọ sí Cotonou lóṣooṣù, ìrìn àjò tí ó lé ní 150 kìlómítà. Bí a bá kúrò nílé ní ìdájí, ọmọ wa á jókòó ṣánṣán bí ọlọ́pàá. Kí a tó dé Bohicon, ó ti sùn. Lórí ìjókòó tí ó ní ẹ̀yìn, ìyẹ́ gba orí rẹ̀, ihò di ìgbànú mú sórí èjìká. Bí a bá yọ ẹ̀yìn náà, yóò ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìgbànú yóò sì kúrò níbi tí ó ti wúlò.

A dán an wò nínú àgbàlá nígbà tí ọkọ̀ dúró. A yọ ẹ̀yìn náà, a gbé e jókòó, a sì fà ìgbànú. Lórí itan, ó dára. Lókè, ọrùn ni ó gbà, kì í ṣe àárín èjìká. Orí rẹ̀ kò sì ní ìrọ̀rí kankan lẹ́yìn, nítorí ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ wa kúrú. Ní àárín, ìgbànú ìbàdí nìkan ni ó wà níbẹ̀. A kì í lo tìmùtìmù pẹ̀lú irú èyí rárá, nítorí kò sí ohun tí yóò di àyà àti orí ọmọ mú. Nínú àwọn takisí tí kò ní ìgbànú kankan, ìjókòó tí ó dára jù lọ kò lè ràn wá lọ́wọ́, nítorí náà bí ọkọ̀ wa bá bàjẹ́, ọ̀dọ̀ Ìyá àgbà ni àwọn ọmọ ń dúró sí.

A mọ̀ pé alùpùpù ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ń lò. Ara ọmọ náà ni kí ẹ wò: ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì dé ibi ìgbẹ́sẹ̀lé, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì lè di ẹni tí ó wà níwájú mú pẹ́, kò tíì tó jókòó lẹ́yìn. Ti gbígbé ọmọ sórí táńkì níwájú, bí ẹni pé òun ni yóò kọ́kọ́ pàdé ohun tí ń bọ̀, a kò rí àwáwí kankan fún un.

Láti ọdún 2017, òfin ohun èlò ọkọ̀ ní Yúróòpù kò fàyè gba kí a fi òǹtẹ̀ lu ìjókòó aláìlẹ́yìn tuntun fún ọmọ tí kò ga tó 125 sẹ̀ǹtímítà. A wọn ọmọ wa lára òpó ilẹ̀kùn: 117 ni. A fi èédú fa ìlà sí 125, a sì bá a ṣe àdéhùn pé bí orí rẹ̀ bá dé ibẹ̀, tí ìgbànú gba àárín èjìká rẹ̀, tí ó sì lè jókòó ṣánṣán dé Bohicon láìsùn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò yọ ẹ̀yìn ìjókòó náà. Ó gbà, lẹ́yìn ẹkún díẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni ó ń lọ dúró sí ìdí òpó náà. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, a bá a níbẹ̀ pẹ̀lú bàtà gíga àǹtí rẹ̀ lẹ́sẹ̀.