Oorun Àbúrò Mi

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá ń lé eku méjì yóò pòfo. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ Yunifásítì ni mo ti ń bá òwe yìí jiyàn. Mo máa ń sọ pé ẹni tó pa á kò san owó ilé rí, kò sì san owó ilé-ìwé rí. Eku méjì ni èmi àti àbúrò mi ń lé, a kò sì rí èyí tí a lè fi sílẹ̀ nínú wọn. Ohun tí ojú wa rí ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa.

Èdè Yorùbá ni èmi ń kọ́, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni àbúrò mi obìnrin ń kọ́. Yàrá kan ni a jọ ń gbé ní Ìbàdàn. Bàbá wa ti fẹ̀yìn tì, ata ni màmá wa ń tà. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ fò sókè, ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wa kò tó nǹkan mọ́. Òótọ́ ni pé ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò owó yíyá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún 2024, tí wọ́n sì fi ₦20,000 lóṣù sí i fún ìtọ́jú ara ẹni, ṣùgbọ́n bàbá wa ní òun kò fẹ́ kí a ti ilé-ìwé gbé gbèsè jáde.

Iṣẹ́ tèmi rọrùn. Mo máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tẹ̀wé lẹ́bàá ilé-ìwé láti aago mẹ́rin sí aago méje ìrọ̀lẹ́, láti bá wọn fi àmì ohùn sí iṣẹ́ Yorùbá tí àwọn ènìyàn bá gbé wá. Bí oorun bá ń kùn mí, tí mo fi àmì òkè sí ibi tí àmì ìsàlẹ̀ yẹ kí ó wà, ọkọ̀ á di ọkọ́, a ó rẹ́rìn-ín, n ó sì tún un ṣe.

Èmi náà ni mo wá iṣẹ́ fún àbúrò mi. Màmá àgbàlagbà kan ń fẹ́ ẹni tí yóò máa sùn ti àwọn. Ọmọ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù ni yóò máa san ₦40,000 lóṣù, fún òru mẹ́rin lọ́sẹ̀. Mo ní, "Sáà lọ. Orí àga ni wàá jókòó sí, wàá máa kàwé rẹ." N kò mọ ohun tí mò ń sọ. Ní aago méjì òru màmá á jí, àbúrò mi á gbé wọn lọ tọ̀. Ní aago mẹ́rin wọn á tún jí, wọn á máa béèrè ọmọ wọn. Aago mẹ́fà ni àbúrò mi ń kúrò níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ pẹ́ dé wọ́ọ̀dù.

Ẹ̀kọ́ wọn kò dà bí tiwa. Ọdún mẹ́rin ni àwa ń lò kí a tó gboyè, ọdún márùn-ún ni àwọn ń lò, wọ́n sì tún gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí. Bí mo bá pa kíláàsì jẹ, mo lè yá ìwé ọ̀rẹ́ mi dà kọ. Ta ni àbúrò mi yóò yá ọwọ́ rẹ̀ láti kọ́ bí a ti ń di ojú ọgbẹ́?

Nígbà tí ó bá ráhùn, mo máa ń fi ìtàn Kofowórọlá Abẹ́ní Pratt gbà á níyànjú, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1946, tó sì padà wá di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ Mátírọ̀nù ní UCH níhìn-ín. Mo á ní, "Ṣé tìrẹ ló le jù ni?"

Ní oṣù kẹta, ó ti òru wá, ó lọ sí wọ́ọ̀dù. Ó wọn ìfúnpá ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹfà, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé baba tó wà ní bẹ́ẹ̀dì keje. Nọ́ńbà náà ga. Wọ́n ti fẹ́ fún baba ní oògùn tí yóò mú un wálẹ̀ nígbà tí Sístà tó ń ṣàkóso wọ́ọ̀dù wo ojú baba, tó tún wo ìwé, tó ní kí wọ́n tún un wọ̀n. Ara baba dá ṣáṣá. Sístà kò pariwo. Ó pe àbúrò mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o sùn?"

Nígbà tí ó délé, kò bọ́ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní, "Àǹtí mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa bàbá ẹlòmíràn." N kò rí èsì fọ̀. Mo rántí ọkọ̀ tó di ọkọ́. Àṣìṣe tèmi ṣe é pa rẹ́.

Ìgbà náà ni mo tó ro ìtàn tí mo fi ń gbà á níyànjú dáadáa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ ló ń fún wọn lówó díẹ̀ fún iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní wọ́ọ̀dù. Ibi tí wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́ náà ni wọ́n ti ń rí owó ọṣẹ. Eku kan ṣoṣo ni wọ́n ń lé. Mo ti fi ohun tí kò dọ́gba wé ara wọn, mo sì fi dẹ́rù pa ọmọ ìyá mi.

Lọ́jọ́ kejì a pe ọmọ màmá lórí fóònù, a sọ òótọ́ fún un. Ó wá ẹlòmíràn fún òru, ó sì ní kí àbúrò mi máa wá ní ọ̀sán Sátidé àti Sọ́ńdè fún ₦22,000. Èmi náà fi ọjọ́ Sátidé kún iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù, mo sì gba oúnjẹ sísè. Owó náà kò tó ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè àkọ́kọ́, àbúrò mi sùn ní aago mẹ́sàn-án, kò sì yí padà títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́, mò ń gbọ́ bí ó ti ń mí.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, n kò ní kí ẹ má ṣiṣẹ́, nítorí ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi àìsùn yangàn, ẹ sì má ti ẹlòmíràn sínú iṣẹ́ tí ẹ kò mọ ìwúwo rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, bí ẹ bá rí ọmọ tó ń tòògbé níwájú yín, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó bá a wí, ẹ kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè Sístà.