Orí Ọmọ Tuntun ní Ọjà Mọ́tò Ekpè

Ẹni tó bá kúrò ní Kútọnù ní òwúrọ̀, tó dorí kọ Àjàṣẹ́, bí ó bá ti kọjá Agblangandan, yóò rí i pé ojú ọ̀nà ń yí padà. Òkun wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọ̀sà wà ní ọwọ́ òsì, ilẹ̀ oníyanrìn tóóró ló sì wà láàrin méjèèjì, níbi tí igi àgbọn àti ilé onípáànù ti ń bá ara wọn du àyè. Ekpè nìyẹn, ọ̀kan nínú àwọn arrondissement mẹ́fà tó para pọ̀ di Sèmè-Podji, ní ẹkùn Ouémé. Àwa tí à ń gbé ibẹ̀ kì í sábà fi orúkọ òpópónà júwe ilé wa. Iye kìlómítà tó wà láàrin wa àti Kútọnù ni a fi ń júwe rẹ̀: PK báyìí, PK báyẹn.

Ọ̀nà yìí ló sọ Ekpè di ọjà mọ́tò. RNIE 1 ni ìwé ìjọba ń pè é. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Hillacondji ní ẹnubodè Togo, ó sì parí sí Kraké ní ẹnubodè Nàìjíríà. Mọ́tò àlòkù tí ọkọ̀ ojú omi bá já sí èbúté Kútọnù kì í pẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Wọn a tò wọ́n sí páàkì bí eyín àgbàdo, oòrùn a máa pa wọ́n, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun a sì máa jẹ irin wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Nàìjíríà ni oníbàárà tó tóbi jù. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ fòfin de kíkó mọ́tò gba orí ilẹ̀ wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, ọjà dẹnu kọlẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì ti ẹnubodè pa láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, koríko hù ní páàkì mìíràn. Síbẹ̀, ọjà náà kò kú.

Mọ́tò wọ̀nyí kì í dé lófo. Ẹrù a máa kún inú wọn: táyà, fíríìjì, kẹ̀kẹ́ ọmọdé, tìmùtìmù, àti àga kéékèèké tí àwọn òbí ní ilẹ̀ Yúróòpù fi ń de ọmọ wọn mọ́ inú mọ́tò. Wọn a gbé àga wọ̀nyí sí etí ọ̀nà, lórí yanrìn, fún ẹni tó bá fẹ́ rà. Bí ẹ bá gbọn ọ̀kan nínú wọn, èérún bisikíìtì ọmọ ẹlòmíràn lè já bọ́ sílẹ̀. Gbogbo nǹkan ló ń dé Ekpè. Ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe ń lò wọ́n nìkan ni kì í sábà bá wọn dé. Ohun tó mú mi kọ àròkọ yìí nìyẹn.

Àbúrò mi ọkùnrin ń tún ara mọ́tò tó ti wó tàbí tó ti dípẹtà ṣe. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó rí Mazda MX-5 kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1991, tí ẹnikẹ́ni kò bìkítà fún mọ́. Ọdún 1989 ni wọ́n kọ́kọ́ fi irú mọ́tò yìí han gbogbo ayé, ní Chicago. Gígùn rẹ̀ kò pé mítà 4, ìwúwo rẹ̀ kò ju nǹkan bí kìlógírámù 950 lọ, aṣọ ni òrùlé rẹ̀, ìjókòó méjì péré ló sì wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹ̀yìn rárá. Ní ilẹ̀ Faransé, mọ́tò tó bá ti pé 30 ọdún lè gba ìwé « véhicule de collection ». Ní àdúgbò wa, àwọn ọmọdé sọ ọ́ ní Alákàn, nítorí pé ó pupa, ó sì sún mọ́ ilẹ̀.

Nígbà tó tún un ṣe tán, ó fẹ́ fi gbé ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún méjì, lọ kí ìyá wa ní Àjàṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun kò ní gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ nínú mọ́tò tí kò ní òrùlé. Àbúrò mi lọ ra àga ọmọ kan ní etí ọ̀nà, ó sì gbé e wá bá mi.

« Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Faransé inú ìwé ni, ẹ̀yin lẹ gbọ́ ọ. »

Físíìsì àti kẹ́mísírì ni mò ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́, nítorí náà n kò lè ka lẹ́bẹ́ẹ̀lì láìṣe ìṣirò. Mo bi í bóyá ó lè ju ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ láti orí ilé alájà mẹ́ta. Ó ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mo wá ṣàlàyé fún un pé bí mọ́tò tó ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí kan bá kọlu ògiri, ẹni tí a kò dè mọ́lẹ̀ yóò lọ kọlu iwájú mọ́tò bí ẹni tó já láti òkè tó ga tó nǹkan bí mítà 10. Kìlógírámù 12 ni ọmọ náà wọ̀n. Ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, ó lè fa ọwọ́ ìyá rẹ̀ bí ẹrù tó ju kìlógírámù 200 lọ. Kò sí ìyá tó lè dì í mú, bó ti wù kí ìfẹ́ rẹ̀ pọ̀ tó.

Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Wọ́n mọ̀ pé orí ni ẹrù ọmọ: ó tóbi, ó wúwo, ọrùn tó gbé e kò sì tíì gbó. Ìdí nìyẹn tí ìyá tó bá pọn ọmọ jòjòló fi ń fa ọ̀já sókè dé ọrùn rẹ̀. Àwọn ará Sweden gba ọ̀nà mìíràn dé ibi kan náà. Nils Bohlin ló ṣe bẹ́líìtì tó ń di ènìyàn mú ní ibi mẹ́ta, fún Volvo, ní ọdún 1959. Ní nǹkan bí ọdún 1964, Bertil Aldman, dókítà kan níbẹ̀, ronú sí bí àwọn arìnrìn-àjò òfuurufú ṣe ń fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú ọkọ̀ wọn, ó sì ṣe àga ọmọ tó kọjú sẹ́yìn. Bí mọ́tò bá dúró lójijì, gbogbo ẹ̀yìn ọmọ ni yóò gba agbára náà, ọrùn kò ní dá a gbé.

A yẹ àga tí àbúrò mi rà wò. Oòrùn ti sọ ike rẹ̀ di funfun, ó ti sán níbi tí bẹ́líìtì ń gbà kọjá, kò sì sí lẹ́bẹ́ẹ̀lì kankan lára rẹ̀. Ta ni yóò sọ fún wa bóyá ó ti wà nínú ìjàǹbá rí? Mo ní kó gbé e sọ nù. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún CFA ló fi rà á, ó sì dùn ún. Ṣùgbọ́n kò tà á fún ẹlòmíràn. Ó fi àdá gé okùn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e lò mọ́. Mo yìn ín fún ìyẹn.

Àwa méjèèjì padà sí etí ọ̀nà. Ohun tí à ń wá ni lẹ́bẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ ọsàn tó ní nọ́ńbà R44/04, tó sì sọ iye kìlógírámù tí àga náà lè gbé. Àwọn àga tuntun ti ilẹ̀ Yúróòpù ń tẹ̀lé ìlànà mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013, R129, èyí tó sọ pé ọmọ gbọ́dọ̀ kọjú sẹ́yìn títí yóò fi ju oṣù 15 lọ. A kọ́kọ́ rí àga ńlá kan tó ń kọjú sẹ́yìn. Inú mi dùn, àmọ́ nígbà tí a gbé e wọ inú Alákàn, ẹ̀yìn rẹ̀ gún iwájú mọ́tò, bẹ́líìtì kò sì gùn tó láti yí i ká. Lẹ́yìn èyí la rí òmíràn, tó kéré, tó ń kọjú síwájú, fún ọmọ tó wọ̀n láti kìlógírámù 9 sí 18.

Ohun kan ṣe wá lóore. Mọ́tò àbúrò mi kò ní àpò afẹ́fẹ́ tó ń bú jáde níwájú. Bí ó bá ní i, a kò gbọ́dọ̀ gbé àga tó kọjú sẹ́yìn síbẹ̀ láé àyàfi tí a bá pa á, nítorí pé àpò náà lè pa ọmọ. Ṣùgbọ́n kò sí ìkọ́ ISOFIX nínú rẹ̀, nítorí pé ọdún 1999 ni ìlànà àgbáyé lórí ìkọ́ náà jáde, nígbà tí Alákàn ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Bẹ́líìtì nìkan ló kù.

A ti ìjókòó mọ́tò sẹ́yìn títí dé òpin. Mo ka àmì ara àga náà: bẹ́líìtì gbọ́dọ̀ gba ibi tí wọ́n fi pupa sàmì sí, torí pé pupa ni ti ọmọ tó kọjú síwájú, búlúù sì ni ti èyí tó kọjú sẹ́yìn. Ìjókòó Alákàn jin láàrin, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì sì ga sókè láti di awakọ̀ mú nígbà tó bá ń yà. Nítorí náà, ìdí àga ọmọ kò fẹ́ balẹ̀. Àbúrò mi fi eékún tẹ̀ ẹ́, mo sì ń fa bẹ́líìtì. Nígbà kẹta ló tó wọlé. Mo di àga náà mú níbi tí bẹ́líìtì ti kọjá, mo mì í sọ́tùn-ún sósì. Kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2 àti ààbọ̀ lọ. Kò yẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ àbúrò mi kan tó ń jó irin dúró tì wá. Ó ní, « Ẹ jẹ́ kí n jó irin kan mọ́ ilẹ̀ mọ́tò, kí àga yìí má lè mì rárá. » Inú rere ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi sílẹ̀. Irin tí iyọ̀ ti jẹ fún 30 ọdún kì í ṣe ohun tí a ń so ẹ̀mí ọmọ mọ́, kò sì sí ẹni tó ti dán irú irin bẹ́ẹ̀ wò. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe bẹ́líìtì ti dán tirẹ̀ wò.

Lẹ́yìn náà la gbé ọmọ wọlé. Aṣọ léèsì tó nípọn ni ìyá rẹ̀ wọ̀ fún un. A bọ́ ọ, nítorí pé aṣọ tó nípọn a máa jẹ́ kí okùn dà bí ẹni pé ó le nígbà tí kò le. A gbé okùn èjìká sí ibi tó bá èjìká rẹ̀ dọ́gba, a sì fà á títí ìka méjì kò fi lè ká okùn náà léjìká rẹ̀ mọ́. Oòrùn ti mú kí irin ìdè gbóná bí irin aṣọ. Láti ọjọ́ náà ni ìyá rẹ̀ ti ń fi àǹkárá bo àga náà nígbà tí ọmọ kò bá sí nínú rẹ̀.

Àbúrò mi wakọ̀ yí àdúgbò ká pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, jẹ́jẹ́, lórí yanrìn. Àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀lé wọn. Nígbà tó padà dé, ìyàwó rẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì tó ti dì sílẹ̀ fún ìrìn-àjò.

Ó ní, « Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ńkọ́? »

Kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Àti òwúrọ̀ ni àwa ọkùnrin mẹ́ta ti ń wọn nǹkan, tí à ń fa bẹ́líìtì, kò sì sí ẹni tó rántí pé mọ́tò ẹni méjì ni. Bí baba bá wakọ̀ tí ọmọ sì jókòó, zẹ́mìjàn ni yóò gbé ìyá. Ọmọ yóò wà nínú ìdè tó dájú, ìyá rẹ̀ yóò máa bá afẹ́fẹ́ jà lórí ọ̀kadà, láàrin àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí Kraké.

Àbúrò mi pa mọ́tò. Ó tú bẹ́líìtì, ó gbé àga náà lé èjìká, ó sì lọ dá takisí dúró ní etí ọ̀nà. Awakọ̀ náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sí bẹ́líìtì lẹ́yìn. Mo ní kí a gbé aṣọ tó fi bo ìjókòó sókè. Bẹ́líìtì wà níbẹ̀, ó ti há sínú ìjókòó láti ọjọ́ tó ti dé láti Yúróòpù. A fà á jáde, a nù ún, a dán ìdè rẹ̀ wò. Ìṣẹ́jú mẹ́ta la fi de àga náà, ó sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ju ti inú Alákàn lọ. Ìyá jókòó ti ọmọ, baba jókòó níwájú, wọ́n lọ sí Àjàṣẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ fẹ́ràn mọ́tò àtijọ́, n kò ní kí ẹ má fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé bí mọ́tò kan bá dàgbà débi pé kò ní bẹ́líìtì rárá, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta wọ inú rẹ̀. Ẹ rántí pẹ̀lú pé àga náà kì í ṣe ti mọ́tò, ti ọmọ ni. Ibi tí ọmọ bá ń lọ ló yẹ kí àga rẹ̀ máa bá a lọ, ìbáà jẹ́ takisí tó ti gbó. Àjọ NHTSA ti Amẹ́ríkà ṣírò pé nínú mọ́tò kéékèèké, irú àga yìí ń dín ikú ọmọ ọdún 1 sí 4 kù pẹ̀lú ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ẹ tó ra èyí tó wà lórí yanrìn ní Ekpè, ẹ wá lẹ́bẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Bí ẹ kò bá gbọ́ èdè tó wà níbẹ̀, ẹ bi ẹni tó gbọ́ ọ. Bí ẹ bá sì gbọ́ ọ, ẹ kà á sókè fún ẹni tó dúró tì yín ní èdè tirẹ̀. Àǹfààní èdè méjì nìyẹn.

Alákàn ṣì wà ní àgbàlá àbúrò mi, lábẹ́ tapólì. Ní ọjọ́ Àìkú, wọn a ṣí i sílẹ̀, ọmọ náà a jókòó sí ibi tí awakọ̀ ń jókòó, a sì máa fun fèrè rẹ̀ títí gbogbo àdúgbò yóò fi jí.