Igi Ló Ń Dún àbí Orúkọ?

Ní 2018, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Lancaster, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde tó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ ra gìtá kà kó tó tọwọ́ bàpò. Gìtá olókùn irin mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe é. Roger Bucknall, oníṣọ̀nà gìtá tó ni ilé-iṣẹ́ Fylde, ló ṣe mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó sì ṣe wọ́n lọ́nà tí wọn kò fi yàtọ̀ síra àfi nínú igi tó lò fún ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ wọn. Ọ̀kan jẹ́ rosewood ilẹ̀ Brazil tó wọ́n bí ojú, ọ̀kan jẹ́ rosewood Íńdíà, àwọn tó kù jẹ́ mahógànì, maple, walnut àti sapele. Wọ́n dín iná yàrá kù, wọ́n fi gíláàsì dúdú tí àwọn wẹ́dà máa ń lò bo ojú onígìtá 52, wọ́n ní kí wọ́n máa ta á. Nígbà tí wọ́n ka máàkì tí wọ́n fún gìtá kọ̀ọ̀kan, rosewood Brazil kò fi nǹkan kan tayọ sapele.

Sapele yìí kò jìnnà sílé o. Igi inú igbó Áfíríkà ni, orúkọ ìlú Sapele tó wà ní ìpínlẹ̀ Delta lónìí ni wọ́n sì fi ń pè é káàkiri àgbáyé. Ìlú yẹn náà ni ilé-iṣẹ́ UAC dá ilé-iṣẹ́ pákó ńlá sí láyé òyìnbó. Àwọn ilé-iṣẹ́ gìtá Amẹ́ríkà bíi Martin àti Taylor ń lò ó. Ẹni tó ra gìtá Amẹ́ríkà lówó gọbọi lè má mọ̀ pé ọmọ ìyá igi tó wà lára ilẹ̀kùn ilé bàbá òun ni òun gbé mọ́ra.

Ìwádìí náà kò sọ pé bákan náà ni gbogbo gìtá ń dún. Ojú gìtá, pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n dá ihò sí láàárín, òun gan-an ló ń sọ̀rọ̀, igi spruce sì ni ti mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bí ìka bá ta okùn, bríìjì, igi kékeré tí okùn so mọ́ lójú gìtá, á gba ìgbọ̀n rẹ̀, á gbé e fún ojú, ojú á máa gbọ̀n, afẹ́fẹ́ inú àpótí á sì bá a gbọ̀n. Ohun tí awọ jẹ́ fún dùndún ni pákó yìí jẹ́ fún gìtá: igi ọ̀mọ̀ tàbí apá tí gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ ní iṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n awọ ló ń fọhùn. Antonio de Torres, ará Sípéènì tí àwọn oníṣọ̀nà gìtá ṣì ń júbà, ti mọ èyí tipẹ́. Ní 1862 ó ṣe gìtá kan tó fi páálí ṣe ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó sì fi ojúlówó spruce ṣe ojú rẹ̀. Gìtá náà wà ní mùsíọ́mù orin nílùú Barcelona.

Nítorí náà, kí olùrà tó béèrè bóyá Martin ni àbí Gibson, kó kọ́kọ́ béèrè bóyá pákó gidi ni ojú rẹ̀ àbí pílíwúùdù. Kó tiẹ̀ má béèrè, kó fi ojú ara rẹ̀ wo etí ihò náà. Bí àwọn ìlà tó wà lójú pákó bá ṣẹ́rí wọ inú etí ihò láìdáwọ́ dúró, pákó gidi ni. Bó bá rí ìpele mẹ́ta tí wọ́n fi gúlùú lẹ̀ mọ́ra, pílíwúùdù ni. Pílíwúùdù kì í tètè sán, ṣùgbọ́n ó máa ń fún ohùn lọ́rùn.

Síbẹ̀, orúkọ kì í ṣe òfìfo. Christian Frederick Martin, ọmọ Markneukirchen ní Jámánì, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Stauffer, oníṣọ̀nà gìtá ní Vienna. Nígbà tó padà sílé, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe fayolíìnì kò jẹ́ kó rímú mí: wọ́n ní káfíńtà lásán ni òun àti àwọn ẹbí rẹ̀, pé iṣẹ́ gìtá kò tọ́ sí wọn. Ní 1833 ó di ẹrù, ó gba Amẹ́ríkà lọ. Títí di bí a ti ń wí yìí, ìran rẹ̀ ló ni ilé-iṣẹ́ tó dá sílẹ̀, tó wà ní Nazareth, ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Ibi tí ojú olùrà kì í dé ni ọgbọ́n rẹ̀ tó jinlẹ̀ jù wà. Láàárín 1840 sí 1850, igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó dábùú ara wọn bíi lẹ́tà X bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lábẹ́ ojú àwọn gìtá Martin. Okùn ìfun ẹran ni wọ́n ń lò nígbà náà, kì í sì í fa ojú gìtá púpọ̀. Nígbà tí okùn irin wá dé, tó ń fa bríìjì bíi pé ó fẹ́ fà á tu, X yìí ni kò jẹ́ kí ojú gìtá wó. Lónìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí gìtá olókùn irin kan, ìbáà ṣe èyí tí wọ́n ṣe ní China tàbí Indonesia, tí ọgbọ́n Martin kò sí nínú rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ Martin náà ló ṣe gìtá fẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan fún ilé-ìtajà Oliver Ditson ní 1916, tí wọ́n fi orúkọ ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì pè ní Dreadnought. Ní 1931 ló bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní orúkọ ara rẹ̀. D-18, mahógànì ni ẹ̀yìn rẹ̀; D-28, rosewood. Àwọn tó ń ta á á sọ fún ọ pé D-28 ń bú láti ìsàlẹ̀ wá, pé D-18 gbẹ, pé ohùn kọ̀ọ̀kan dá dúró nínú rẹ̀. Bóyá igi ló fà á, bóyá ojú ló ń sọ ohun tí etí á gbọ́ fún un, ìwádìí Lancaster ti dá iyèméjì sílẹ̀ lórí ìyẹn. Èyí tó dájú ni pé D-28 tuntun lé ní 3,000 dọ́là, àti pé èyí tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó pa rosewood Brazil tì ní 1969 wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Òfin àgbáyé tó ká òwò igi náà lọ́wọ́ kò ní 1992 tún wá jẹ́ kó gbówó lórí sí i.

Ti Gibson, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà mìíràn, yàtọ̀. Gìtá rẹ̀ tó ń jẹ́ J-45 jáde ní 1942, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ti kó ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ ní Kalamazoo, ìpínlẹ̀ Michigan, níbi tí ilé-iṣẹ́ náà wà nígbà náà. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe gìtá níbẹ̀ nígbà náà. Okùn rẹ̀ kúrú díẹ̀ sí ti D-28, íǹṣì 24.75 sí 25.4, nítorí náà kì í le koko lábẹ́ ìka. Bí wọ́n bá ta á, ohùn rẹ̀ á ró, á sì tètè wálẹ̀, á fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ń kọrin. Ẹni tó fẹ́ jókòó kọrin, tí gìtá kàn ń tì í lẹ́yìn, kò lè rí ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ kí gbogbo ìka òun dún gbangba, J-45 kọ́ ni tirẹ̀.

Ọmọkùnrin ọdún mọ́kàndínlógún ni Bob Taylor nígbà tí òun àti Kurt Listug dá ilé-iṣẹ́ wọn sílẹ̀ ní California ní 1974. Ẹ̀rọ ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé níbi tí àwọn àgbà ti gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́. Bóòtù ni wọ́n fi ń de ọrùn gìtá mọ́ àpótí, tó bá wọ́, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un dè, láìlo ooru omi gbígbóná àti ọ̀bẹ láti fi ya gúlùú. Àwọn kan fi wọ́n ṣẹ̀sín pé ẹ̀rọ kò lè ṣe gìtá tó lẹ́mìí. Ní 1995, Taylor gbé gìtá kan lọ síbi ìpàtẹ àwọn olóhun-èlò orin: pákó òkì inú páléètì tí wọ́n ń to ẹrù lé ló fi ṣe ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pákó ìkọ́lé lásán ló fi ṣe ojú rẹ̀. Ó dún. Ohun tó fẹ́ fi hàn nìyẹn: ọwọ́ tó mọṣẹ́ ju igi tó gbówó lórí lọ.

Nígbà tí Bob Taylor àti àwọn ará Sípéènì kan ra ilé-iṣẹ́ ẹ́bónì nílùú Yaoundé, ní Cameroon, ní 2011, ó rí i pé àwọn agégi ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú igi tí wọ́n bá gé tì sínú igbó, torí pé inú rẹ̀ ní àbàwọ́n, kò dúdú kanlẹ̀. Dídún igi abàwọ́n kò yàtọ̀, líle rẹ̀ kò yàtọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra èyí tó ní àbàwọ́n náà, ó sì ń lò ó sórí gìtá tirẹ̀. Ní ti ohùn, gìtá Taylor mọ́, ó ń dán. Bó bá ku onígìtá nìkan nínú yàrá, ó lè dán jù. Níwájú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tí dùrù, bàsì àti ìlù ń pariwo, ó ń gbọ̀nà já.

Yamaha wá ńkọ́? Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn, ọ̀kadà ló máa kọ́kọ́ rò, tàbí jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n dùrù ni Torakusu Yamaha fi bẹ̀rẹ̀ ní Hamamatsu, ní Jàpáànì, ní 1887. FG-180, gìtá olókùn irin tó sọ wọ́n dorúkọ, jáde ní 1966, pílíwúùdù sì ni látòkèdélẹ̀. Akọrin Amẹ́ríkà, Country Joe McDonald, gbé àbúrò rẹ̀, FG-150, tó fi okùn lásán kọ́rùn, síwájú ogunlọ́gọ̀ èèyàn níbi àjọ̀dún orin Woodstock ní 1969. FG800 òde òní sàn ju àwọn wọ̀nyẹn lọ: pákó gidi ni ojú rẹ̀, pílíwúùdù ni ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kò sì ju 200 dọ́là àti díẹ̀ lọ. D-28 kan tó FG800 mẹ́wàá, ó tún kù. Ṣé ohùn rẹ̀ dáa ní ìlọ́po mẹ́wàá? Kò tilẹ̀ tó ìlọ́po méjì.

Ọyẹ́ tún wà níbẹ̀. Martin àti Taylor ń fẹ́ kí ọ̀rinrin inú yàrá tí gìtá wà wà ní nǹkan bí 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú oṣù December sí February, afẹ́fẹ́ Ìbàdàn kì í bá ẹnikẹ́ni ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, ẹ́síì Èkó kì í sì í ṣàánú igi. Gìtá tó jẹ́ pákó gidi níwá lẹ́yìn lè sán kí oníǹkan tó fura. Ìdí nìyí tí pílíwúùdù ẹ̀yìn FG800, tí àwọn ọ̀gá ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, fi jẹ́ àǹfààní fún ọmọ tó ń gbé gìtá sẹ́yìn wọ ọkọ̀ èrò.

Etí Yorùbá náà ní ohun tó ń fẹ́. Àwọn atukọ̀ Kru láti Liberia ló tan ọgbọ́n fífi ìka méjì ta gìtá ká etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ibẹ̀ ni orin ẹlẹ́mu ti rí ẹsẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tí Àyìndé Bákàrè, olórin jùjú, so gìtá mọ́ iná ní 1949, jùjú kò fi bẹ́ẹ̀ wẹ̀yìn wo gìtá onípákó mọ́. Ṣùgbọ́n ohùn tó ń já gaara, tó ń dá ìlù lóhùn, ló ṣì ń wuni. Akọrin bíi Aṣa ti gbé gìtá onípákó padà síwájú èrò. Fún irú orin bẹ́ẹ̀, gìtá tó ń bú láti ìsàlẹ̀ jù máa ń kọlu ìlù. D-18 tàbí Yamaha kékeré ń rìn sí i.

Ibi tí orúkọ ti ń san owó padà ni ọjọ́ tí èèyàn bá fẹ́ tà á. Martin àgbà kì í tètè jábọ́ lówó, FG800 máa ń jábọ́ gan-an, ìdí sì nìyí tí tòkúnbọ̀ Yamaha fi jẹ́ ọjà ẹni tó lójú. Kí olùrà gbé e sókè, kó fi ojú kan tọ ọrùn rẹ̀ wò láti ìsàlẹ̀ dé òkè bóyá ó wọ́. Kó wo ẹ̀yìn bríìjì bóyá ojú ti wú. Kó tẹ okùn kọ̀ọ̀kan ní fírẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan kó gbọ́ èyí tó ń han. Lẹ́yìn náà, kó ti ọwọ́ bọ inú ihò, kó fi ìka tọ àwọn igi X abẹ́ ojú títí dé ìdí, torí bí ọ̀kan bá ti tú nínú wọn, yóò máa mì lábẹ́ ìka.