Ohun Tí A Bá Fẹ́ràn Kì í Gbó

Eré káàdì kan kì í kú níwọ̀n ìgbà tí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ bá ṣì ń tún un ṣe. Àpẹẹrẹ rẹ̀ kò jìnnà sí wa.

Ẹ wo Wọ́ọ̀tì. William Henry Storey, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe é ní 1935. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ariwo wa ní Ìkòtún nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ yóò rò pé àdúgbò wa ni wọ́n ti bí i. Tí 2 bá balẹ̀, ẹni tó kàn yóò mú méjì. Tí 14 bá balẹ̀, gbogbo wa lọ sọ́jà nìyẹn. Àwọn kan ní 5 ń fúnni ní mẹ́ta, àwọn mìíràn ní irọ́ ni. Nítorí náà, kí a tó pín káàdì, a óò kọ́kọ́ fohùn ṣọ̀kan lórí òfin. Ta la tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀? A kò tọrọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti orí kọ̀ǹpútà. Ní 1997, ilé-iṣẹ́ MicroProse gbé eré Magic: The Gathering jáde. Ilé-iṣẹ́ náà ti pa á tì tipẹ́, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kò pa á tì. Wọ́n ń tún un ṣe kó lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà òde òní, wọ́n sì ń fi káàdì tuntun kún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Àbúrò mi ọkùnrin ló gbé eré yìí wọ ilé wa ní Ìgàndó, lórí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan. Kò ní owó dátà, eré náà kò sì béèrè dátà. Lójú màmá wa, ọmọ ìyá ni káàdì àti tẹ́tẹ́. Lọ́dún tí àbúrò mi kò yege nínú ìdánwò JAMB, wọ́n ní àwọn máa ta kọ̀ǹpútà náà. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n, torí mo ti rí ohun tí wọn kò rí. Ọmọ yìí kì í kàn ṣeré. Ó ti pààrọ̀ àwòrán ara káàdì, ó ti yí ọ̀rọ̀ tó wà lára rẹ̀ padà, ó wá ń béèrè bí kọ̀ǹpútà ṣe ń mọ iṣẹ́ tí káàdì kọ̀ọ̀kan ń ṣe.

Ìbéèrè yẹn ló gbé e dé ìdí iṣẹ́. Ẹgbẹ́dá ló ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe báyìí. Màmá wa kò tíì fẹ́ràn káàdì o, ṣùgbọ́n wọn kì í dá owó oúnjẹ tó bá fún wọn padà.

Mi ò sọ pé gbogbo ọmọ tó ń ta káàdì ló ń kọ́ṣẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé eré tó wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ nìkan, ọjọ́ tí wọ́n bá tilẹ̀kùn ló parí. Èyí tí ọwọ́ wa bá lè tún ṣe, tiwa ni.