Ọkọ̀ Ojú Irin Tí Ń Gun Òkè Tíì

Ẹ̀yin ìyá ilé, bí ẹ ti ń po tíì yín láàárọ̀, ǹjẹ́ ẹ ti bi ara yín rí pé ọwọ́ ta ni ó já ewé rẹ̀? Èmi kò bi ara mi rí, títí di ọjọ́ tí èmi àti ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò tí mo bá lọ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Mettupalayam, ní gúúsù ilẹ̀ Índíà, tí a dorí kọ òkè Nilgiri.

Kìlómítà 46 péré ni ọ̀nà náà dé Udagamandalam, ìlú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Ooty, ṣùgbọ́n nǹkan bí wákàtí 5 ni ọkọ̀ fi ń gùn ún. Ẹ má bínú sí i. Ibi tí ó ga ní mítà 326 ni ó ti ń gbéra, ó sì gbọ́dọ̀ dé mítà 2,203. Ibi kan wà tí ó jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá rin ẹsẹ̀ bàtà 12, yóò ti gòkè ní ẹsẹ̀ bàtà 1. Nítorí èyí ni àwọn tí ó la ọ̀nà náà ṣe tẹ́ irin eléyín sí àárín ojú irin, tí kẹ̀kẹ́ eléyín abẹ́ ẹ̀rọ ń gé e mú, kí ọkọ̀ má baà yọ̀ padà. Ẹ̀yìn ni ẹ̀rọ náà wà, tí ń ti wá lọ bí ìyá tí ń ti ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwé. Ọdún 1899 ni ọkọ̀ kọ́kọ́ dé Coonoor. Ó di 1908 kí ó tó dé Ooty. Ihò inú òkè 16 ni ó ń gbà kọjá. Bí òkùnkùn bá ti bò wá, àwọn ọmọdé a hó yèè. Kí n má purọ́, àwa àgbà náà hó.

Ẹ mú ìborùn tí ó nípọn dání, nítorí ooru ìsàlẹ̀ kò bá yín dé òkè. Bí ó bá sì jẹ́ àsìkò òjò, ẹ wádìí kí ẹ tó sanwó, torí pé òkè a máa ya lu ojú irin.

Coonoor ni a ti sọ̀kalẹ̀ lọ wo oko tíì, kí a tó wọ ọkọ̀ ọ̀sán. Bí a bá fi igi tíì sílẹ̀, yóò ga ju ènìyàn lọ. Gígé ni wọ́n ń gé e kí ó má ju ìbàdí. Ewé méjì àti ọ̀mùnú orí rẹ̀ ni wọ́n ń já. Obìnrin ni ó pọ̀ jù nídìí iṣẹ́ náà.

Mo gbé kámẹ́rà sókè. Obìnrin kan, tí ó tó ẹ̀gbọ́n mi, mi orí. Ojú tì mí. Mo pa ọwọ́ pọ̀, mo kí i. Amọ̀nà wa ni ó ṣe ògbufọ̀.

Sri Lanka ni wọ́n bí i sí, láàárín àwọn Tamil tí àwọn Òyìnbó kó àwọn baba ńlá wọn láti Índíà lọ ṣiṣẹ́ oko. Ní 1948, òfin Sri Lanka kò ka ọ̀pọ̀ wọn mọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà. Ní 1964 ni ìjọba méjèèjì jọ pín wọn bí ẹni pín ẹrù: Índíà yóò gba 525,000, Sri Lanka yóò gba 300,000, àwọn tí ó kù di ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú. Ọmọ ọdún méje ni obìnrin yìí nígbà tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ó ní, “Ìyá mi wí pé ilé ni à ń lọ. Èmi kò sì mọ ilé kankan níbẹ̀.”

Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá oko tíì sílẹ̀ láti 1968 kí irú wọn lè rí iṣẹ́ ṣe.

Ó ní kí n já díẹ̀ wò. Mo já ẹ̀kúnwọ́ kan. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó da ju ìdajì rẹ̀ nù pé ó ti gbó, ó sì rẹ́rìn-ín.

N kò ya fọ́tò rẹ̀. Tíì àbọ̀ kílò ni mo rà bọ̀ wálé, mo sì ń pò ó láràárọ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀, tí oje ewé ti sọ di dúdú, ni mo máa ń rí.