Mo Rán Aṣọ Ilé-Ìwé, Mo Gbàgbé Ọmọ



Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe ní Múṣin, nítòsí ọjà Ojúwòyè. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa yóò mọ̀ pé oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án ni ìkórè tiwa. Nígbà yẹn, aṣọ ilé-ìwé a kún ṣọ́ọ̀bù dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá kan á ní kí n fi àyè sílẹ̀ kí ọmọ lè wọ aṣọ náà di JSS 3, bàbá kan á ní òun kò ní san kọ́bọ̀ lé iye tí òun san lọ́dún tó kọjá. Mo ti rán aṣọ fún ọmọ tó pọ̀ débi pé bí mo bá rí ọmọ ọdún 11 lókèèrè, mo ti mọ bí èjìká rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó.

Nítorí náà, nígbà tí àkọ́bí mi ọkùnrin fẹ́ wọ JSS 1 ní 2016, ọkàn mi balẹ̀. Ó ti ṣe ìdánwò tí ìjọba Èkó ń ṣe fún àwọn ọmọ tó fẹ́ wọ girama, wọ́n sì fún un ní ilé-ìwé kan ní Sùúrùlérè tí n kò ní dárúkọ. Mo rán ṣòkòtò méjì àti ṣẹ́ẹ̀tì méjì fún un, mo lọ̀ wọ́n títí ojú ìlà wọn fi mú bí ọ̀bẹ. Bàbá rẹ̀ ra báàgì, sáńdà dúdú àti ìwé ìkọ̀wé 12. Mo fi bébà bo ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kò sí ohun tó kù.

Ohun tó kù pọ̀.

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó ti jáde kò jìnnà sílé wa. Olùkọ́ kan ṣoṣo ló ń kọ́ ọ, olùkọ́ náà sì mọ̀ mí. Bí ọmọ bá sunkún láàárọ̀, kí ó tó di ọ̀sán, ìròyìn rẹ̀ ti dé ṣọ́ọ̀bù mi. Ní girama, olùkọ́ kan ń wọlé, òmíràn ń jáde, kálukú pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀. Ta ni yóò ránṣẹ́ sí aránṣọ ní Múṣin? Ọmọ tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n gbogbo ilé-ìwé ní oṣù keje, òun náà ló wá di àbúrò gbogbo wọn ní oṣù kẹsàn-án. Gbogbo èyí ni mo mọ̀, ṣùgbọ́n n kò jókòó ti ọmọ kí n sọ ọ́ fún un.

Kò pẹ́ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ládùúgbò á ti dé, wọn á ti jẹun, a ó ṣì máa retí rẹ̀. Bí mo bá bi í, á ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni. Èmi gbà pé bọ́ọ̀lù ló ń gbá. Lọ́jọ́ kan tó wọlé nígbà tí wọ́n ń pe ìrun Màgàrìbì, mo nà án, mo nà án dáadáa. Títí di òní, bí mo bá rántí ọjọ́ náà, ojú a máa tì mí.

Sáńdà ló tú àṣírí. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ń fọ̀ ọ́, mo yí i padà, mo rí i pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ tán. Sáńdà tí kò tíì pé oṣù méjì! Bọ́ọ̀lù kì í jẹ sáńdà báyẹn. Iwájú rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù máa ń fà ya. Ìrìn ló jẹ èyí. Mo pe ọmọ, mo gbé sáńdà síwájú rẹ̀, n kò mú pàṣán dání. Ó wò ó, ó bú sẹ́kún. Àwọn ọmọ kíláàsì òkè kan ló ń gba owó ọkọ̀ rẹ̀ bí wọ́n bá ti ṣíwọ́. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn láti Sùúrùlérè, gba Ìtìrẹ́, títí dé Múṣin.

Mo ní, "Kí ló dé tí o kò sọ fún mi? Ṣebí mo bi ọ́."

Ó ní, "Ẹ bi mí lóòótọ́, Mọ́mì, ṣùgbọ́n ẹ ti mú pàṣán dání kí ẹ tó bi mí."

Bàbá rẹ̀ lọ rí igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọ̀rọ̀ náà sì parí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó ti rọrùn tó nìyẹn. Èyí tí kò rọrùn ni pé ó tó ọdún kan kí ọmọ náà tó tún máa dédé wá bá mi sọ̀rọ̀, láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ bi í.

Ìbẹ̀rù ilé-ìwé kì í ṣe ohun tuntun láàárín àwa Mùsùlùmí Èkó. Àwọn baba wa bẹ̀rù pé ọmọ tó bá lọ kàwé lọ́dọ̀ àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì yóò gba ẹ̀sìn wọn bọ̀. Nítorí ẹ̀ ni ìjọba ìgbà náà ṣe dá ilé-ìwé Mùsùlùmí sílẹ̀ ní Èkó ní 1896, òun náà ló sì mú kí àwọn ọ̀dọ́ dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní 1923. Bàbá tèmi jẹ́ orúkọ kan nílé, ó jẹ́ òmíràn níléèwé. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀ títí ó fi mú ìwé ẹ̀rí wálé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ sáńdà ṣẹlẹ̀ ni mo tó ronú pé ohun tó dun ìyá bàbá mi jù lè má jẹ́ orúkọ yẹn rárá, bí kò ṣe gbogbo ọdún tí ọmọ rẹ̀ fi pa á mọ́ sínú.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin wọ girama ní oṣù kẹsàn-án 2022, ní Sùúrùlérè náà, lápá Lawanson. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀nà ni mo ti bẹ̀rẹ̀, kí n tó fi téèpù wọn ara rẹ̀. Ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà ní Sùúrùlérè àti ìjọba ìbílẹ̀ 5 mìíràn láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún náà, ó sì kan Múṣin láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, tó fi jẹ́ pé ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀ kì í ṣe ọ̀nà tirẹ̀ mọ́. Lóṣù kẹjọ, a rìn ín lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kíní, èmi ni mo ṣíwájú. Lẹ́ẹ̀kejì, mo ní kí ó ṣíwájú, mo sì ń tẹ̀lé e bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ọmọ mi wọ dáńfó Ojúẹlẹ́gba! Mo wọ̀ ọ́ tẹ̀lé e, mo jókòó sẹ́yìn, mo panu mọ́. Nígbà tí a dé Ìdí-Òro ni ojú rẹ̀ yí padà. Ó sọ̀ kalẹ̀, kò lọ bá kọ̀ńdọ́ tàbí ọmọ ìta kankan, ọ̀dọ̀ ìyá oníbúrẹ́dì kan ló lọ, ó kúnlẹ̀, ó béèrè ọ̀nà. Inú mi dùn ju bí ìgbà tí ó gba ipò kìíní lọ.

Ọ̀rọ̀ hìjáàbù náà tún wà níbẹ̀. Èmi aránṣọ, inú ṣọ́ọ̀bù ni mo ti tẹ̀lé ẹjọ́ yẹn. Àwọn ọmọbìnrin méjì ọlọ́dún 12, akẹ́kọ̀ọ́ Atunrashe Junior High School ní Sùúrùlérè níbí, ni wọ́n pe ìjọba Èkó lẹ́jọ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, MSSN. Ilé-Ẹjọ́ Gíga dá wọn lẹ́bi ní oṣù kẹwàá 2014. Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá wọn láre ní ọjọ́ 21 oṣù keje 2016. Àwọn oníbàárà kó aṣọ hìjáàbù wá lọ́dún náà, ṣùgbọ́n ìjọba gbé ẹjọ́ lọ síwájú, ọ̀pọ̀ èyí tí mo gé ló sì sùn sínú àpò. Ìgbà tó di ọjọ́ 17 oṣù kẹfà 2022 ni Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ tó parí rẹ̀, adájọ́ 5 sí 2, pé ẹ̀tọ́ ọmọ ni.

Nígbà tí ọmọ mi gbọ́ ọ lórí rédíò, ó fò sókè. Mo ní kó jókòó. Mo ní adájọ́ kò ní bá a jókòó ní kíláàsì. Mo kọ́ ọ bí yóò ṣe sọ̀rọ̀ bí olùkọ́ kan bá ní kó ṣí orí: kí ó kúnlẹ̀, kí ó kí wọn, kí ó sọ pé àwọn òbí òun mọ̀ sí i, kí ó má pariwo. "Bí wọ́n bá ṣì kọ̀, má jà, má sì parọ́. Wá sọ fún wa nílé. Ẹjọ́ àgbà nìyẹn."

Bákan náà ni ìrun. Mo jẹ́ kó yé e pé bí kò bá ráàyè kí Àyìlà níléèwé, àsìkò rẹ̀ kò tíì lọ títí di Alásárì, kí ó tètè bọ̀ wá kí i nílé, kí ó má tìtorí ìjáyà fi í sílẹ̀.

Nǹkan oṣù ló ṣòro fún mi jù láti sọ. Ìyá mi kò sọ ọ́ fún èmi. Orí bẹ́ńṣì ní kíláàsì ni tèmi ti bá mi, mo rò pé mo fẹ́ kú ni. Mo rán àpò kékeré kan fún ọmọ mi láti ara àjákù aṣọ rẹ̀, mo kó páàdì àti pátá kan sínú rẹ̀, mo sì jókòó, mo là á yé e. Mo tún sọ pé kò sí olùkọ́, kò sí ọmọ kíláàsì òkè, tó ní ẹ̀tọ́ àtifọwọ́ kan ara rẹ̀. Ilẹ̀ ni mò ń wò bí mo ti ń sọ ọ́. Òun ló ń wò mí lójú.

Lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, mo ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ tì kí ó tó dé, bí àwọn oníbàárà tilẹ̀ ń ráhùn. Ó ń jẹun, ó ń sọ̀rọ̀: olùkọ́ ìṣirò tí kì í rẹ́rìn-ín, ọmọ kan tó fẹ́ gba ìjókòó rẹ̀, ìyá tó ń ta mọ́ínmọ́ín. N kò dá a dúró. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí girama lọ́dún náà gan-an, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́.

Láti ìgbà náà, bó bá ti di Sátidé, a máa mú sáńdà àbúrò rẹ̀, a yí i padà, a wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, a sì dá a padà síbi tó wà.